Ọ̀rẹ́ Mi Tí Kò Mọ̀wé Kà

Mo rántí ìgbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá, tí àlejò kì í wọ́n nílé mi ní GRA Ìkẹjà. Ọmọ ọba ni mí, òǹkọ̀wé tún ni mí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé méjèèjì. Lọ́sàn-án Sátidé, agbẹjọ́rò, ọ̀jọ̀gbọ́n, kọmíṣánnà tí agbádá rẹ̀ ṣì ń wọ́ nílẹ̀, gbogbo wọn á kún pálọ̀ mi, wọn á jẹun, wọn á sì máa yìn mí. Yéè, mo fẹ́ràn ìyìn!

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan kì í gbẹ́yìn níbẹ̀, ó ní ilé búrẹ́dì l'Ágége. Ìlú kan náà la ti wá. Nígbà tí wọ́n mú mi lọ sílé ìwé, igbá ọjà ni ìyá rẹ̀ gbé lé e lórí. Lọ́jọ́ kan nínú kíṣìnnì mi, ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun kò mọ̀wé kà rárá. Ìwé orin tóun ń ṣí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lòun ń wò.

"Má sọ fẹ́nì kankan o," ó ní. "Àwọn ọmọ mi gan-an ò mọ̀."

Mo sọ ọ́ di ìtàn. Mo yí orúkọ padà, mo fi obìnrin náà ṣe aláta, mo jẹ́ kó dorí ìwé orin kodò lójú gbogbo ìjọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló máa sọ fún un, kò ṣáà lè kà á. Ẹ wo ọgbọ́n àgbọ́njù!

Lọ́jọ́ tí a kó ìwé tí ìtàn náà wà nínú rẹ̀ jáde nílé mi, agbẹjọ́rò kan dìde, ó ní òun fẹ́ ka ibi tó dùn jù. Ibi ìwé orin yẹn gan-an ló ṣí. Ọ̀rẹ́ mi wà níwájú. Gbogbo pálọ̀ ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń pàtẹ́wọ́. Mo ní háà, Ọlọ́run ló yọ mí, kò fura.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá kí mi kú ìnáwó, bí àṣà wa. Kò jókòó.

"Ọmọ Ọba, o kú ìnáwó àná. Ẹ̀rín tí mo rín yẹn, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé èmi ni."

Ó yí padà, ó lọ, kò sì tẹ ilé mi mọ́.

Ojú tì mí gan-an. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ọkọ̀ kan péré ló sì ń gbé èèyàn láti ọ̀dọ̀ mi dé Agége. Ṣùgbọ́n lójú mi nígbà náà, ọmọ ọba kì í lọ kúnlẹ̀ nílé búrẹ́dì. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ olójú-ewé mẹ́rin, mo fi rán dírẹ́bà. Mo ti di arúgbó báyìí, n kò tíì kọ ohun tó dùn tó lẹ́tà yẹn. Dírẹ́bà ti lọ tán kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni yóò kà á fún un.