Àwọn Tó Lọ Dúpẹ́ ní Àbújá

Lọ́jọ́ tí rédíò kéde pé Èkìtì ti di ìpínlẹ̀, gbogbo Ìkẹ́rẹ́ já ewé, wọ́n ń jó kọjá níwájú ilé wa. Èmi jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ológun tó ń ṣèjọba, tí wọ́n ń yìn pé ó fún wa ní ìpínlẹ̀ yẹn, ló ti ọkọ mi mọ́lé ní Àkúrẹ́. Tíṣà ni ọkọ mi. Ó sọ níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ pé kí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀, làwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá wá mú un nínú kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aládùúgbò wa kan ń pè mí kí n jáde wá jó. Díẹ̀ ló kù kí n da omi gbígbóná sí i lára.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà ìlú fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olórí ìjọba ní Àbújá. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ ìjòyè, wà lára wọn. Mo kúnlẹ̀ fún un.

Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọmọ yín lọkọ mi."

Ó ní, "Ìyàwó, dìde. Ẹ̀jẹ̀ mi ni. A ó mú un wá ulé."

Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n jẹ́ kí n rí ọkọ mi, mo sọ fún un pé Bàbá máa bá a bẹ̀bẹ̀ ní Àbújá. Ó ti rù, etí rẹ̀ kan ò sì gbọ́ràn mọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Bàbá ní, "A rántí rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n unú ọkùnrin ọ̀ún dùn lọ́jọ́ ọ̀ún, a ò fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọpẹ́ la bá lọ."

Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lọ́jà, ó ń wò ó bó ṣe ń wọ́.

Ìgbà tí ológun náà kú ni wọ́n tó tú ọkọ mi sílẹ̀. Kò tíì fẹnu kan oúnjẹ tó fi ní kí n mú òun lọ sílé Bàbá. Ó ní ohun tó gbé òun ró nínú àhámọ́ ni pé ẹnì kan láti ilé lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí òun. Mo ní kó sinmi ná, kò gbà. Mi ò sì lè la ẹnu sọ òótọ́ fún un.

Ó dọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò ṣeé tẹ̀ dáadáa mọ́. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ò jẹ́ kí n kú síbẹ̀."

Bàbá wò mí, ó gbójú kúrò. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Gbogbo ilé ń ṣe àmín. Èmi ò ṣe é.