Ọjọ́ Tí Mo Gbá Igbó Ìjẹ̀ṣà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Festac ṣì jẹ́ tuntun, tí ọ̀dà ara ògiri ilé wa ṣì ń rùn sí wa nímú, kò sí ibi tí a kì í gbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí àwọn gọ́tà òde òní lè má gbà mí gbọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, ó sì ń tọ́jú ilé tí wọ́n fún un bí ẹni gbé ẹyin dání. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, àwa ọmọ òpópónà wa á tú jáde, a ó máa ṣa ewé, ọ̀rá àti ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí bàbá mi bá rí ewé kan ṣoṣo nílẹ̀ lẹ́yìn tá a bá ṣe tán, á béèrè pé ta là ń dúró dè kó wá bá wa ṣa á. Ó wá mọ́ mi lára débi pé ojú mi ò lè rí ewé lójú ọ̀nà kí ọwọ́ mi má nà sí i. Ìwà dáadáa ni, àbí? Òun náà ló kó wa sí ìyọnu.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà ọlidé gígùn, wọ́n fà mí lé àǹtí kan lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ní Mile 2, ó di abúlé bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìyá àgbà ti kú, ẹsẹ̀ bàbá àgbà ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́, ni bàbá mi bá ní kó máa bọ̀ wá bá wa gbé ní Festac. Bí ọlidé bá parí, èmi àti bàbá àgbà la jọ máa padà.

Kò kọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó bá àwọn òyìnbó kan ṣiṣẹ́, àwọn tó wá ń wa wúrà nínú òkè. Ó máa ń sọ pé ihò kan wà lókè yẹn tó tóbi ju ilé lọ, pé ojú irin wọ inú rẹ̀, pé ọmọlanke onírin làwọn fi ń kó erùpẹ̀ jáde. Àwọn òyìnbó lọ, igbó bo ibẹ̀, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì kú tán. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn ní àwọn wá ihò náà tì. Bí wọ́n ṣe sọ bàbá àgbà ní Bàbá Oníhò nìyẹn. Télọ̀ abúlé ló burú jù nínú wọn. Bí bàbá bá ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, á ké sí i pé, “Bàbá, ihò yẹn ńkọ́? Àbí ẹnu yín náà ni ihò ọ̀hún?”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Bá a bá délé, á kàn máa wo oúnjẹ ni. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká wá sí Èkó, ó sọ fún mi pé òun ò lè fi orúkọ òpùrọ́ sílẹ̀ nínú abúlé tí wọ́n ti bí òun. Ó ní òun ń lọ wá ihò òun, àti pé èmi ni màá tẹ̀ lé òun, nítorí ojú mi ṣì dáa.

Ìdájí la gbéra, àdá lọ́wọ́ tirẹ̀, àpò iṣu sísun lọ́rùn tèmi. A gba inú oko kòkó títí a fi dé ibi tí ọ̀nà tán. Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo sọ pé ọ̀nà tán, ó tán náà nìyẹn. Igi, àpáta àti okùn igbó ló kù. Bàbá àgbà á dúró, á fọwọ́ kan igi, á wo òkè títí, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣìnà tá a padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan tí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Gbogbo ibi tá a bá ti yà ló ń já ewé tútù, á jù ú sílẹ̀, á sì gbé òkúta lé e.

Ó yà mí lẹ́nu pé àgbàlagbà lè máa da ìdọ̀tí sílẹ̀ báyẹn. Ojú ń tì mí fún un. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí mo fẹ́ bá bàbá tó bí bàbá mi wí? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, mo sì ń ṣa ewé náà ní jẹ́jẹ́, mò ń kó o sínú àpò iṣu. Bí bàbá mi bá rí mi lọ́jọ́ yẹn, orí rẹ̀ á wú.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí nígbà tí atẹ́gùn tútù kan fẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀ láti abẹ́ àpáta. Bàbá àgbà fi àdá la àwọn okùn igbó tó ta bo ibẹ̀. Ihò náà nìyẹn! Omi ti gbabẹ̀, àdán so kọ́ òrùlé rẹ̀ rẹpẹtẹ. Bàbá wò ó pẹ́, ó ní, “Ó kéré. Mo rò pé ó tóbi jù báyìí lọ.” Mo rí ọmọlanke onírin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Igi kan ti hù gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì gbé e kúrò nílẹ̀. Bàbá gbọ́wọ́ lé irin náà, ó ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ti í lọ́kọ̀ọ̀kan, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní tèmi, ijó ni mo ń jó. Inú mi dùn pé bàbá mi àgbà kì í ṣe òpùrọ́.

Ìgbà tá a jókòó jẹun ni mo ṣí àpò. “Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, mo ti bá yín ṣa gbogbo ìdọ̀tí yẹn.”

Ó wo inú àpò. Ó wò mí. “Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀ pátá, sà.”

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu itan. “Háà! Ọmọ Èkó ti gbá igbó!” Ibẹ̀ ló ti là mí lóye pé ewé tí òkúta bá wà lórí rẹ̀, àmì ni, òun la fẹ́ fi mọ ọ̀nà padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí kò síbi tí mo wò tí kò jọ ibi tá a gbà wá.

Bàbá ní kí n nu ojú. Ó ní erùpẹ̀ tí àwọn ń kó jáde nígbà náà, inú odò làwọn ti ń fọ̀ ọ́, odò yẹn náà sì ni wọ́n ń pọn nílé. A wá odò rí, a sì ń tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀. A yọ̀, a ṣubú, a dìde. Ìgbà tá a fi máa yọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń pọnmi, ẹrẹ̀ ti bò wá láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ará abúlé ti pé jọ, wọ́n fẹ́ wá wa lọ. Télọ̀ wà láàárín wọn, tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Kò bi bàbá léèrè, èmi ló bi. Mo sọ ti ihò, ti àdán àti ti igi tó gbé ọmọlanke. Ó ní kí ló wá dé tá a fi gba inú odò. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ro ẹjọ́ ewé fún wọn, mo sì da àpò náà sílẹ̀. Ẹ̀rín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ya abúlé! Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, télọ̀ ní ọmọ tó bá fẹ́ parọ́ ò ní pa irú èyí mọ́ ara rẹ̀. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú bàbá àgbà, ó ní, “Ẹ má bínú, sà.” Bàbá jẹ iyán lọ́jọ́ náà bí ẹni tí kò jẹun láti ọdún tó kọjá.

Ó bá wa dé Festac, ó sì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bí àlejò bá ṣiyèméjì sí ìtàn rẹ̀, á ké sí mi níbikíbi tí mo bá wà, ì báà jẹ́ ibi tí mo ti ń fo okùn, pé kí n wá sọ ohun tí mo rí.

Ayé ti wá yí padà. Nígbà náà, ọmọ kan tó fojú rí i tó ẹ̀rí. Lónìí, ohun tí fóònù ò bá mọ̀, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ ọmọ mi wá òkè náà lórí fóònù, wọn ò rí nǹkan kan àfi igbó. “Gràńmà, fọ́tò ẹ̀ dà?” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́. Mo fẹ́ ké sí ẹnì kan kó wá jẹ́rìí mi, mi ò rẹ́ni pè. Mo ti ra bàtà tó nípọn fún àgbà inú wọn. Bó bá di Kérésì, a máa tọ odò yẹn gòkè. Orúnkún mi ní òun ò lọ, ṣùgbọ́n á lọ, nítorí mi ò fẹ́ kú láìsí ẹni tó máa sọ lẹ́yìn mi pé òótọ́ ni.