Ìhàlẹ̀ Àwọn Alágbára àti Ti Onílé Wa

Hájì lèmi àti ọkọ mi bá dé Mẹ́kà, a ò padà. Àdúgbò An-Nakkasah là ń gbé, lórí òkè. Aṣọ funfun àwọn èrò hájì ni mo ń fọ̀ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì Misfalah, òun ni mo fi ń rán ọmọ wa lọ síléèwé ní Nàìjíríà. A ò níwèé ìgbélùú. Bí ọ̀rọ̀ owó omi bá ti dìjà láàárín èmi àti Àlàájà onílé, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Mẹ́kà, á ní òun máa pe jawasáàtì, àwọn ọlọ́pàá tó ń kó aláìníwèé.

Ìgbà tówó epo wọ̀lú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ogun bẹ́ sílẹ̀ lápá àríwá. Rédíò ní àwọn orílẹ̀-èdè ńlá tó wà lẹ́yìn àwọn tó ń jà ti ń fi bọ́ǹbù runlérùnnà halẹ̀ mọ́ra wọn. Ọkọ mi ò lè jẹun mọ́. Ó ní ibi tépo wà ni wọ́n máa jù ú sí. Ó fẹ́ ká lọ fara wa lé jawasáàtì lọ́wọ́ ní Jídà, kí wọ́n dá wa padà sílé.

Mo ní, "Àlàájì, ṣé onílé wa ti pè wọ́n rí?"

"Rárá. Tó bá pè wọ́n, wọ́n á ti ilé ẹ̀ náà pa."

"Àwọn alágbára yín náà nìyẹn. Tí èyí bá jù ú, tọ̀hún á jù ú padà. Àgbàlagbà gbé pẹtiróòlù dání, ó ní òun máa sunlé tóun náà ń gbé. Wọ́n wá ń pè é lọ́gbọ́n."

"Tó bá wá jẹ́ wèrè ńkọ́?"

Mo ti àwo oúnjẹ sún mọ́ ọn. Mo ní kó jẹun.

Àlàájà onílé ti gbọ́ wa láti orí àtẹ̀gùn. "Ìyàwó, ẹ̀ ń fi mí wé bọ́ǹbù."

"Bọ́ǹbù sàn, Àlàájà. Kì í bèèrè owó omi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àsùbáà, ọkọ mi nìkan ló wọkọ̀ lọ sí Jídà. Wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà.

Bọ́ǹbù ò bọ́. Àwọn tó ń halẹ̀ bọ ara wọn lọ́wọ́, rédíò ń yìn wọ́n pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba ọ̀tá. Ọ̀tá wo? Kò sẹ́ni tó dìde lórí àga nínú wọn. Ọkọ mi ni wọ́n rí lé.

Lọ́dún kejì ó ní kí èrò hájì sọ fún mi pé kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní ó di ìgbà tọ́mọ bá jáde iléèwé. Ọdún mẹ́fà ló gbà kí n tó padà sílé.