Òdòdó Tí Ìyá Ẹ̀gún Gbé Lọ Sí Òtẹ́ẹ̀lì

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ lọ, ẹ má rìn jìnnà, Ìyá Ẹ̀gún ni. Òdòdó ló ń dì tà. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń bá róòsì wọ̀yá ìjà nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, láàárín garawa omi mẹ́rìnlá. Ìka rẹ̀ ti le débi pé bí ẹ̀gún bá gún un, ẹ̀gún ló ń ké. Ọkọ rẹ̀, kó tó di olóògbé, kì í bá a fa ọ̀rọ̀ láìjẹun kánú, torí ó ní ìjà obìnrin yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ebi ń pa.

Ẹ má rò pé àwọn olólùfẹ́ ló ń bọ́ ọ o. Ilé iṣẹ́ ìfọṣọ ńlá kan ni. Ní ìparí oṣù, ilé iṣẹ́ yìí máa ń fi ọgbọ̀n ìdì òdòdó ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdúpẹ́, kí okùn òwò má baà já. Ìyá Ẹ̀gún ló ń di gbogbo rẹ̀. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, garawa rẹ̀ á di ilé ẹ̀fọn.

Àmọ́ òun àti máníjà ilé iṣẹ́ náà kò fẹ́ rí ara wọn sójú rárá. Ọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, táì rẹ̀ sì gùn débi pé bó bá fẹ́ jókòó, táì á ti jókòó dè é. Ó kórìíra obìnrin náà torí pé ó ń bá a jiyàn níṣojú àwọn òṣìṣẹ́. Obìnrin náà kórìíra rẹ̀ torí pé ó ń pe òdòdó ní koríko.

Lọ́jọ́ Ajé kan, máníjà wọlé tọ̀ ọ́ wá láìkí i. Mámà kan tó ni òtẹ́ẹ̀lì, oníbàárà wọn tó tóbi jù, ni yóò pinnu ní Ọjọ́rú bóyá ilé iṣẹ́ náà yóò máa bá a fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ. Máníjà fẹ́ kí wọ́n gbé òdòdó ńlá tí wọ́n ń pè ní lílì lọ fún un. Ó rí Ìyá Ẹ̀gún tó ń fi èékánná já irun àárín lílì kan sílẹ̀.

"Kí lẹ ń já sọnù yẹn?"

"Irun àárín rẹ̀ ni. Lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ máa ń kun aṣọ."

"Ẹ fẹ́ tẹ òdòdó mi lọ́dàá? Odindi ni mo ń ra. Ẹ fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a!"

"Ọ̀gá, aṣọ funfun ni mámà yẹn máa ń wọ̀."

"Ìyá, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló ń fọṣọ? Bí mámà bá fọwọ́ sí ìwé, iṣẹ́ ọdún kan tún wà fún yín. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ kó koríko yín lọ síbòmíràn."

Ìyá Ẹ̀gún wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dáa, ọ̀gá. Bí ẹ ṣe wí."

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ì bá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, torí obìnrin yìí kì í gbà fún èèyàn láé. Kò já ẹyọ irun kan mọ́. Ó ń sọ ọ́ sínú pé, "Ojú á tì ọ́ lójú gbogbo ayé."

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, àwọn méjèèjì lọ. Mámà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó wọ funfun látòkè délẹ̀. Ìyá Ẹ̀gún gbé ìkòkò òdòdó sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àdéhùn. Inú mámà dùn, ó tẹ̀ síwájú láti gbóòórùn rẹ̀. Bó ṣe nàró, lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú ti lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ àti apá ẹ̀wù rẹ̀.

Téèpù tí Ìyá Ẹ̀gún fi ń di òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé téèpù ló ń ṣí lẹ́búlẹ́bú yẹn kúrò, àti pé bí omi bá kàn án, ó parí. Ó la ẹnu. Ó rí táì. Ó pa ẹnu náà dé.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mámà, iṣẹ́ wa nìyí!" Máníjà ti áńkáṣíìfù bọ omi inú kọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra àyà ẹ̀wù náà. Àmì tó tó ẹyọ ẹ̀wà di àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ di àwo, àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ di òòrùn tó ń wọ̀.

"Ìwọ lo fẹ́ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọgọ́rin yàrá mi?"

"Obìnrin yìí ni, Mámà! Òun ló di òdòdó náà!"

"Bí o ṣe pàṣẹ ni mo ṣe dì í!" Ìyá Ẹ̀gún fa téèpù ya, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ẹ̀wù níbi tí omi kò dé, ó ṣí i. Ibẹ̀ funfun báláú. "Wò ó! Wo bí wọ́n ti ń ṣe é, afọṣọ-má-mọṣọ!"

Ó rẹ́rìn-ín. Mámà kò rẹ́rìn-ín.

"O mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe, Mámà."

"Nígbà tó ń da omi sí mi láyà, ibo lo wà?"

Ìyá Ẹ̀gún ń ká téèpù rẹ̀.

"Mo ní, ibo lo wà?"

"Ibí yìí ni mo wà, mà."

"Kò burú. Èyí kò mọ nǹkan kan. Ìwọ mọ̀, aṣọ mi lo fi gbẹ̀san. Ọwọ́ rẹ dára, inú rẹ ni mi ò lè gbà sínú ilé mi." Ó ti ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i. "Ẹ gbé ẹrù yín. Ẹ jáde."

Lẹ́nu géètì, máníjà ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìfọṣọ. "Kí n má tún rí ẹsẹ̀ yín nílé iṣẹ́ wa mọ́!"

"Bóyá wọ́n á rí tìrẹ lọ́la!"

Máníjà wọ ọkọ̀, ó fi eruku kí i. Ìyá Ẹ̀gún gbé ìkòkò náà mọ́ra, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà dúró wò ó. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Òdòdó yìí mà dára o! Ta lẹ ń gbé e lọ fún?"

"Fún ara mi!" ló jágbe, débi pé ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ó sì ń lọ, òótọ́ ló sì sọ, torí kò sí ẹlòmíràn tó kù láti gbé e fún.