Àkọlé tí Merlyn Kruse Rì Mọ́lẹ̀

Merlyn Kruse mọ koríko gé, ká má purọ́ mọ́ ọn. Nǹkan kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe náà nìyẹn. Látìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe alága itẹ́ òkú abúlé wọn ní Iowa, ohunkóhun tó bá ga ju kókósẹ̀ lọ ti di ọ̀tá rẹ̀.

Ardis Tjaden ló kọ́ ọ ní Bíbélì ní kékeré, ìyá náà sì ti kábàámọ̀ ọn títí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ó bá Merlyn lórí ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ níwájú igun tí ẹnikẹ́ni ò ro rí, níbi tí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan ga ju èèyàn lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sin ìyá ìyá Ardis sí. Ọdún ìyàn ló kú, wọn ò rí òkúta rà. Òdòdó yẹn nìkan ni àmì sàréè rẹ̀.

"Màmá, ẹ yà lọ́nà. Òdòdó oòrùn lásán ni. Fóònù mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Fóònù ẹ! Ewé kọ́ńpáàsì nìyí, tí ewé rẹ̀ ń júwe ọ̀nà, ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbé túlẹ̀túlẹ̀ débí."

"Ẹ fi hàn mí, mi ò sì ní gé e. Àmọ́ ẹ ṣe kíá."

"Òkúta sàréè ìyá ẹ nìyẹn. Ibo ló kọjú sí?"

"Ìlà-oòrùn. Gbogbo òkú ibí ló kọjú síbẹ̀ de Jésù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

"O tiẹ̀ rántí nǹkan kan! Ó yá, wo ewé yẹn."

Merlyn wò ó. Ewé ńláńlá náà dúró ṣánṣán, etí wọn sí àríwá àti gúúsù, ojú gbogbo wọn sí ìlà-oòrùn bíi tàwọn òkúta. Ewé òdòdó oòrùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ardis ha oje gbígbẹ lára igi rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́ pé kó jẹ ẹ́.

"Háà! Èyí tá a máa ń jẹ lẹ́nu tá a bá ń bọ̀ láti ilé ìwé!"

"Ẹnu ẹ mọ̀ ọ́n, ojú ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ṣìọ̀!"

Merlyn wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ láìgé e. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, ó ti dúró nídìí òdòdó náà, tó ń fẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì: "Èmi ni mo dá a mọ̀ o!" Aláìnítìjú! Ó tiẹ̀ ti ri pátákó igi óòkù mọ́ ìdí òdòdó náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé Merlyn Kruse ló rí i, kí ẹnikẹ́ni má gé e.

Inú bí àwọn èèyàn, torí wọ́n mọ̀ pé Ardis ló fi hàn án. Wọ́n ní kí Ardis sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ló ń rín ní tiẹ̀, tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ọgọ́rin ọdún lé ni ìyá ìyá mi ti ń sùn níbí láìní nǹkan kan lórí. Òun ló wá bá a ri àkọlé. Ẹ wò ó, ìlà-oòrùn ló kọjú ẹ̀ sí."