Ẹrù Inú Yàrá Ìyá Zakiyyah

Yàrá ni mò ń wá nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé Ìyá Zakiyyah. Ọdún 2016 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìwó, ẹnì kan sì júwe ilé wọn fún mi, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kékeré àdúgbò náà, pé yàrá kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Mo bá wọn lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọn àpò sìmẹ́ńtì kan kí wọ́n lè ká a dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ ohun tí mo bá wá.

"Yàrá wà," ni wọ́n wí. "Àmọ́ kò ṣófo. Ẹrù ló ń gbé inú ẹ̀."

Mo béèrè bóyá ẹrù náà lè lọ síbòmíràn. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lé abiyamọ síta nínú òjò.

"Níbo ni kó lọ?"

Ibòmíràn ni mo padà gba yàrá sí, ṣùgbọ́n mo máa ń yà kí wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu àwọn àti ẹnu ọmọ wọn ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kùdírátù lorúkọ tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n. Abọ́ tánganran àti ike ni wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún tà ní ọjà Odò-Orí, kí orúnkún tó ní kí wọ́n jókòó sílé. Àlùfáà Mùrí, ọkọ wọn, ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí mo fi débẹ̀, Zakiyyah nìkan ni ọmọ tí àdúgbò ń dárúkọ mọ́ wọn, òun sì ti di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo.

Ilẹ̀kùn yàrá ẹrù kì í ṣí tán. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́. Ìdérí ìkòkò pọ̀ níbẹ̀ ju ìkòkò lọ. Agolo mílíìkì tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tò lé ara wọn títí ó fi kan àjà. Sítóófù kẹrosíìnì mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ọ̀kankan nínú wọn kò lè jó mọ́, àti bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan, àti rédíò tí inú rẹ̀ ti ṣófo, àti ike omi tí wọ́n kọ orúkọ òkú sí lára, irú èyí tí wọ́n máa ń pín níbi fídáù. Àwọn wàláà, ìyẹn pákó tí ọmọ kéwú fi ń kọ́ ìwé, tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀ lọ nígbà tí Àlùfáà kú, wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe, ìdáhùn kan náà ló máa gbọ́: "Ó ń bọ̀ wá wúlò."

Ràhámọ̀tù, obìnrin tó ń ta ata níwájú ilé kejì, kì í jẹ́ kí wọ́n simi.

"Ìyá Zakiyyah, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ máa ṣí ọjà yín yìí fún wa? A ti múra ríra."

"Ọjọ́ tí o bá dá àwo mi tó o yá padà."

"Àwo wo? Èyí tí ìdí ẹ̀ lu yẹn? Mo rò pé ajọ̀ lẹ fún mi ni!"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, Ìyá Zakiyyah á sì tún mú agolo tuntun wọlé.

Ohun tí Ràhámọ̀tù kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, ni bí ẹrù náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó di Ìyá Zakiyyah, Ìyá Abdulqowiyy ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Abdulqowiyy ni àkọ́bí. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní 1990, ó sì ń kéwú lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Àlàrùba ni wọ́n máa ń kọ ẹ̀kọ́ tuntun sórí wàláà. Kò sí kéwú ní Alàmísì àti Jímọ̀. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, ọmọ á ka ohun tó kọ fún Àlùfáà, tó bá ti kà á já, á fi omi fọ wàláà rẹ̀ mọ́, á sì kọ òmíràn. Súrà Wadduhaa ni Abdulqowiyy dé. Ó kọ tirẹ̀ ní Àlàrùba bíi tàwọn yòókù, ó gbé e ti ògiri. Kí oòrùn tó wọ̀, ara rẹ̀ ti gbóná. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa fọ wàláà wọn ní Sátidé, wọ́n ti sin ín.

Àlùfáà Mùrí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún pẹ́. Wọ́n ní Ọlọ́run tó fúnni náà ló gbà á. Àlùfáà kì í fẹ́ àwòrán nínú ilé, nítorí náà kò sí fọ́tò ọmọ náà kankan. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n kó aṣọ rẹ̀ tọrẹ. Lẹ́yìn náà ni Àlùfáà ní kí ìyàwó òun gbé wàláà rẹ̀ wá, kí àwọn fọ̀ ọ́ fún ọmọ tuntun kan tí wọ́n mú wá láti Olúpọ̀nnà.

"Mi ò rí i," ni ìyàwó dáhùn.

"Wàláà kì í rìn, Kùdírátù."

"Mi ò rí i, Àlùfáà."

Ìyá Abdulqowiyy ti fi gèlè funfun wé e, wọ́n ti gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó ọjà sí, wọ́n sì fi ọpọ́n tánganran kan bò ó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọpọ́n yẹn kò tó mọ́ lójú wọn. Wọ́n to àpò lé e. Wọ́n to agolo lé àpò. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti lè fi dí ojú ọ̀nà ibẹ̀ ló di ohun tí kò ṣeé sọ nù. Ọdún ń gorí ọdún, ọwọ́ wọn sì kọ́ ìkójọ, débi pé nígbà tí Àlùfáà kú, tí kò sí ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún mọ́, wọn kò lè dáwọ́ dúró.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń wò ó. Tí Àlùfáà bá ti lọ jókòó sí mọ́ṣáláṣí fún ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn Ràmàdáánì, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á yọ àwọn ẹrù náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tú gèlè. Wọn kò lè kà á. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ọwọ́ ọmọ ti wọ́, wọ́n mọ ìlà tó sáré kọ. Lápá ìsàlẹ̀, ó dà bí ẹni pé tàdáwà tó fi ń kọ̀wé fẹ́ tán, ó sì ti bu omi là á kó lè dé òpin ìlà. Ibẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wò jù.

Ní ìgbà òjò ọdún 2024, agolo kan yí mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Wọ́n ṣubú, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn sì kán. Zakiyyah gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́, ó wá tọ́jú wọn. Ọmọ tó mọ́ tónítóní ni. Nílé tirẹ̀ ní Òṣogbo, kò sí ṣíbí tí kò ní ibi tó ń gbé. Nígbà tó ki orí bọ yàrá ẹrù, tó rí ibi tí òrùlé ti ń jò sórí àwọn àpò, ó jáde, ó fọwọ́ bo imú.

"Màámi, eku ti bímọ sínú bàtà Bàámi."

"Ẹ̀dá Ọlọ́run ni wọ́n."

"Ẹ̀dá Ọlọ́run ni ejò náà, òun ló sì máa ń wá eku wá. Màámi, ẹ jẹ́ n tún ibí yìí ṣe. Tí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́, tí mi ò sí nílé?"

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jà á. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ ń ta wọ́n, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rù ń ba ọmọ náà ní tòótọ́. Wọ́n gbà.

"Kó gbogbo ẹ̀. Wàláà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi gèlè funfun wé e. Ìyẹn ni o ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Wàláà Bàámi ni?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti kọjá tí Ìyá Zakiyyah ti pe orúkọ Abdulqowiyy sókè kẹ́yìn, wọn kò sì pè é lọ́jọ́ náà.

"Ṣáà fi í sílẹ̀ fún mi."

"Mo ti gbọ́, Màámi. Ẹnikẹ́ni ò ní gbé e lọ."

Ní ọjọ́ Ajé, Ràhámọ̀tù bá wọn wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n lè yẹ ọwọ́ náà wò. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó padà. Kẹ̀kẹ́ kò tíì dúró tán tí Ràhámọ̀tù ti pariwo: "Hà! Ilé ta rèé?"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí gbayawu. Ilẹ̀ inú rẹ̀ ń dán. Àwọn ẹrù wà ní àgbàlá ní òkìtì òkìtì, èyí tó máa lọ sí ààtàn lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n lè fi tọrẹ lọ́tọ̀. Wàláà mẹ́tàlélógún fẹ̀yìn ti ògiri nínú oòrùn, gbogbo wọn mọ́ fínfín; ilé kéwú kan lápá ìsàlẹ̀ àdúgbò ló fẹ́ gbà wọ́n. Wàláà kan dá wà lórí àga. Gèlè funfun ń gbẹ lórí okùn.

Aṣọ Zakiyyah rin fún òógùn, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Màámi, ẹ wo tiyín. Mi ò dà á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Ìgbẹ́ eku ti wọnú gèlè náà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì wà lára pákó. Mo ní kò dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ fún yín."

Ìyá Zakiyyah fi ọwọ́ òsì tó ṣẹ́ kù fún wọn pa pákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń yọ̀. Omi ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀.

"Omi ẹ̀ dà?"

"Mo ṣe àlùwàlá kí n tó fọwọ́ kàn án, Màámi. Omi tó mọ́ ni mo lò. Ìdí igi òrombó ni mo dà á sí, níbi tí ẹsẹ̀ kò ti ní tẹ̀ ẹ́. Bí Bàámi ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́."

Wọ́n rìn lọ sídìí igi náà. Ilẹ̀ ti fa omi mu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀, wọn kò sì gbé e kúrò.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?" ni Ràhámọ̀tù bi wọ́n. "Ṣé òrùka yín bọ́ ni?"

Zakiyyah ni wọ́n kọjú sí.

"O ṣé. Bó ṣe yẹ lo ṣe é. Bàbá ẹ pàápàá kò lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ohùn wọn da jìnnìjìnnì bo ọmọ náà. "Màámi, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ló kọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi wo?"

Kì í ṣe pé kò mọ̀ rárá. Ó ti gbọ́ rí, lẹ́nu àwọn èèyàn ìta, pé ọmọ kan wà ṣáájú òun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú ilé, òun fúnra rẹ̀ kò sì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà náà. Ìbéèrè yẹn dun ìyá rẹ̀ ju wàláà lọ.

"Abdulqowiyy," ni wọ́n wí.

Zakiyyah kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó bú sẹ́kún. "Ẹ ò sọ fún mi! Ọ̀rọ̀ kan péré, Màámi! Tí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré!" Nígbà tí ẹkún rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó di etí aṣọ wọn mú. "Wadduhaa ni. Mo rántí ìlà tó dé. Mo lè kọ ọ́ padà fún yín."

"Ọwọ́ ta lo máa fi kọ ọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Zakiyyah fúnra wọn ló pe àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri láti kó àlòkù irin àti ike. Wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo òkìtì àgbàlá. Nígbà tí ìyẹn tán, wọ́n mú àwọn ọlọ́mọlanke náà wọ yàrá tí ìyá fúnra wọn ń sùn sí.

"Màámi, ìkòkò yìí ṣì dáa," ni Zakiyyah ń bẹ̀ wọ́n. "Ẹ óò fi se ọbẹ̀."

"Ẹ gbé e lọ."

"Àpótí aṣọ yín nìyẹn, Màámi!"

"Ẹ gbé e."

Wàláà orí àga, wọ́n ní kó lọ sí ilé kéwú pẹ̀lú mẹ́tàlélógún yòókù. Zakiyyah dì í mọ́ra, ó ní kò níí lọ. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tò ó mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Pákó ni," ni wọ́n wí.

Gbogbo àdúgbò ló wá ń yin Zakiyyah. Wọ́n ní ọmọ gidi ni, ó tún ilé ìyá rẹ̀ ṣe, afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì gbójú sókè. Ràhámọ̀tù dá àwo tó lu náà padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè; Ìyá Zakiyyah ní kó sọ ọ́ nù.

Nígbà tí ìsinmi parí, Zakiyyah ní kí wọ́n bá òun lọ sí Òṣogbo.

"Ilé tìẹ mọ́ jù fún mi," ni wọ́n dá a lóhùn. Kò tún bẹ̀ wọ́n mọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Sọ̀fíyàt, àbúrò wọn obìnrin, wá kí wọn láti Ilé-Ogbó. Ó bá wọn lórí ẹní láàárín yàrá tó ṣófo, tí ohùn ń dún padà síni nínú rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ, wọ́n dìde, wọ́n mú báàgì kan ṣoṣo, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Ilé-Ogbó ni Ìyá Zakiyyah wà títí di òní, ní yàrá ẹ̀yìn nílé Sọ̀fíyàt. Ọwọ́ wọn ti jinná, wọ́n ń bá àbúrò wọn bó ẹ̀gẹ́. Zakiyyah máa ń lọ kí wọn ní ìparí oṣù.