Áńkáṣíìfù Lẹ́nu Sàlẹ́ńsà

Títí dòní, tí mo bá rí áńkáṣíìfù funfun, bàbá onílé wa ní Igando ni mo máa ń rántí. Láràárọ̀, wọ́n á sítáàtì ọkọ̀ wọn, wọ́n á na áńkáṣíìfù sẹ́nu sàlẹ́ńsà, wọ́n á wá fi hàn wá: "Ṣé ẹ rí i? Èéfín tèmi ò ní yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu."

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà nọ́ọ̀kì, ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ mẹkáníìkì bá wọn fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà ni áńkáṣíìfù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò èéfín, ẹ̀ẹ̀mẹta ló féèlì. Mẹkáníìkì mìíràn ní Dopemu ló yọjú wo abẹ́ rẹ̀: "Bàbá, wọ́n ti gé nǹkan tó ń sẹ́ èéfín kúrò. Wọ́n máa ń tà á ni."

Mo rò pé bàbá máa bínú. Wọ́n kàn ní, "Èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì fún ọ̀rẹ́ mi nígbà tó ń gé e. Ó ní ó ti dí."

Mo ní kí n bá wọn gba ìwé àyẹ̀wò náà láìgbé ọkọ̀ lọ. Wọ́n ní, "Ṣé ìwé ló máa bá mi sẹ́ èéfín?"

Bí ọkọ̀ náà ṣe jókòó sínú ọgbà nìyẹn, títí koríko fi bo táyà. Jímọ́ọ̀ kan, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí mọ́sáláṣí. Èéfín dúdú kẹ̀kẹ́ náà ń rọ́ wọlé bá wa, bẹ́ẹ̀ ìwé àyẹ̀wò èéfín tuntun wà lára gíláàsì iwájú rẹ̀. Bàbá kà á tán, wọ́n fa áńkáṣíìfù yọ, wọ́n fi bo imú.